Màmá Charity Tó Ń So Òdòdó Pọ̀

Wọ́n ní Màmá Charity ń so òdòdó pọ̀ ní tọkọtaya lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, láìsí wòlíì, láìsí òrùka. Ní Sabon Gari ní Kano, ìròyìn kì í fẹsẹ̀ rìn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò ní bíréèkì ló máa ń wọ̀. Kó tó kúrò ní Ibo Road, tọkọtaya ti di ogójì. Nígbà tó fi máa dé Brigade, ìyàwó kan ti lóyún, ọkọ sì ti sá lọ.

Olúfúnlọ́lá lorúkọ rẹ̀ gan-an. Òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà. Bàbá rẹ̀ ló bá rélùweè wá láti Ọ̀fà. Kano ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ló sì sin ọkọ sí. Ogún ọdún ló ti ń gbin elégédé sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wa. Elégédé yẹn ló fi ń se miyan taushe lọ́jọ́ ìkórè, ọbẹ̀ tí gbogbo ìjọ fi ń jẹ tuwo, títí kan àwọn tó ní àwọn ń gbààwẹ̀.

Kòkòrò oyin ló dá wàhálà sílẹ̀. Inú ihò igi dongoyaro tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Alàgbà Olúgbémi ń jó bọ̀ láìwọ bàtà, bí àṣà wa, ló bá tẹ oyin mọ́lẹ̀. Oyin ta á. Alàgbà fò tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fáànù. Àwọn onílù rò pé Ẹ̀mí ló gbé e, wọ́n bá fi kún ìlù, ìjọ sì bá a fò fún wákàtí kan gbáko. Lọ́jọ́ kejì, ó fọ́n òògùn apakòkòrò sínú ihò náà. Gbogbo oyin kú.

Elégédé yọ òdòdó yanturu. Kò so. Ọmọ tó bá yọjú á rọ, á já bọ́.

Ni Màmá Charity bá ń jí ní ìdájí. Á já òdòdó akọ, á fi àárín rẹ̀ ra àárín abo, èyí tó ní ikùn kékeré nídìí, iṣẹ́ tí oyin ń ṣe kí wọ́n tó kú. Lórí ìkúnlẹ̀ ni Sister Rosaline, tó ń bọ̀ wá gbàdúrà, ti rí i. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó ku oṣù méjì kí ìkórè dé, oyin mìíràn kó sínú ihò, elégédé sì bẹ̀rẹ̀ sí í so yanturu. Alàgbà pèpàdé lẹ́yìn ìsìn: wọ́n á tún fọ́n òògùn ní Sátidé.

"Haba, Alàgbà!" Màmá Charity dìde. "Oyin lẹ fi kan ọmọ-ọmọ yín lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ ní kí ayé rẹ̀ dùn. Òògùn lẹ wá fẹ́ fi kan ẹni tó ṣe oyin lẹ́nu?"

"Màmá, wọ́n ta mí!"

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ wọ́n lórí. Ẹ bẹ̀ wọ́n."

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi akọ̀wé ìjọ ń ronú: ogún ọdún la ti ń jẹ ọbẹ̀ yẹn, a ń dúpẹ́ òjò, a ń dúpẹ́ Màmá, kò sẹ́ni tó dárúkọ oyin rí.

"Bí ẹ bá pa wọ́n, Alàgbà, ẹ̀yin lẹ máa bá mi kúnlẹ̀ lóko ní gbogbo ìdájí. Orúnkún mi ò gbà á mọ́."

Alàgbà wo ikùn ara rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "A ò fọ́n ọn mọ́. Akọ̀wé, kọ ọ́ pé Màmá Charity so òdòdó ogójì pọ̀, elégédé sì pọ̀ lóko."

"Tolúwalàṣẹ, pa ogójì yẹn rẹ́," ni Màmá wí fún mi. "Mọ́kàndínlógún ni mo ṣe, mẹ́rin péré ló so. Gbogbo ìyókù tó wà lóko, oyin ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni kó o kọ ọ́."