Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Lẹ́nu Ìlà

Àmì kan wà nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà tó dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, ìka mẹ́ta tó yà síra. Bí o bá fi í sẹ́nu ìlà, ohun tó ń sọ ni pé nǹkan náà pọ̀. Bí o bá fa igi kékeré kan dípò rẹ̀, ó ń sọ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni. Àmì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi.

Ọmọ náà ò tíì ju ẹni tó ń jókòó lọ. Bàbá rẹ̀ ti lọ ra ọjà ní Nàìjíríà, ó ní òun máa tètè dé, kò sì tètè dé. Ilé-iṣẹ́ kan nítòsí èbúté Banjul ló gbà mí síṣẹ́, àwọn tó ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté, tí wọ́n á sì kó o sí ilé ìkẹ́rùsí wọn ní Kanifing. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló ń darí ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Alàájì, wà ní ọ́fíìsì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Bàbá wọn ló dá a sílẹ̀. Ó ti kú, wọn ò sì pín in.

Ọmọ Àkú ni wọ́n, àwọn Mùsùlùmí tí baba ńlá wọn ti Freetown wá. Èdè wọn kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa máa ń yọjú nínú rẹ̀ bí ẹran nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo bímọ, Àǹtí, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, wọlé, ó ní òun wá fún kọ́mọjáde. Mo bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, ẹnì kankan ò tíì pe ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí. Òun náà ló bá mi bẹ Alàájì kí n tó rí iṣẹ́.

Ìwé ẹrù títẹ̀ ni wọ́n gbà mí fún. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ní ètò tuntun lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí yóò máa mọ ẹni tó láṣẹ láti ní kí ẹrù jáde. Kí wọ́n tó ṣe é, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Olùkọ́ kan wá láti Dakar, ọ̀dọ́mọkùnrin onísùúrù. Ó ní, "Ẹ má ya kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà láyé ni kí ẹ yà." Àpótí kan fún oníbàárà, òmíràn fún ẹrù, òmíràn fún òṣìṣẹ́, òmíràn fún ilé-iṣẹ́, òmíràn fún onílé-iṣẹ́. Lábẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, o kọ irú ẹni tó wà nínú rẹ̀. O fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì, o kọ ọ̀rọ̀ lé e: oníbàárà ń fi ẹrù ránṣẹ́, òṣìṣẹ́ ń ṣọ́ ẹrù. Lẹ́yìn náà, o fi àmì sẹ́nu ìlà. Bí o bá gbàgbé àmì kan, ìlà náà á pọ́n lójú kọ̀ǹpútà bí ojú ẹni tó sunkún. Akọ̀wé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí Yúróòpù, ló bá ku èmi. Alàájì ní bí àwòrán náà bá dára lójú olùkọ́, òun á fi iṣẹ́ mi múlẹ̀. Bí kò bá dára, òun á wá ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kí n má purọ́. Girama lásán ni mo kà, ṣùgbọ́n bí mo bá ń fa ìlà wọ̀nyẹn, ó máa ń dà bí ìgbà tí mo bá ń di irun fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí olùkọ́ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, Alàájì wá dúró sẹ́yìn àga mi.

"Ìlà yẹn ńkọ́?"

Láti ilé-iṣẹ́ sí onílé-iṣẹ́ ni. Mo ní, "Mi ò tíì fi àmì sí i, sà."

"Ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan, sà?"

"Àbí o ti rí ọkọ̀ ojú omi tó ní ọ̀gákọ̀ méjì rí?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fa igi kan sí i.

Ìgbà tó lọ tán ni mo rí ohun tí mo ṣe. Bí onílé-iṣẹ́ bá jẹ́ ẹyọ kan, níbo ni Àǹtí wà? Mo ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sábẹ́ àpótí òṣìṣẹ́ pé: ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù, ẹni tó ń wa ọkọ̀, ẹni tó ń tẹ̀wé.

Kò pẹ́ tí òun náà fi ti Kanifing dé, tòun ti eruku sìmẹ́ǹtì. Ó gbé búrẹ́dì àti àkàrà sórí tábìlì mi.

"Jẹun, títì." Bẹ́ẹ̀ ni Àkú ń pe ọ̀dọ́mọbìnrin. "Ọmú kì í dédé sun. Ṣé àwòrán wa nìyí? Ó jọ ilé aláǹtakùn! Níbo ni mo wà níbẹ̀?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo nàka sí i.

"Òṣìṣẹ́?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò. "Èmi àti àwọn awakọ̀?"

"Àǹtí, ẹ má bínú."

"Ta ló ní kí o fi mí síbẹ̀?"

Ó wò mí títí, ó ní, "Mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ nínú ilé yìí, títì," ó sì jáde. Àkàrà náà tutù síbẹ̀.

Kí wọ́n tó kírun àyìlà tán, mo ti dá ọgbọ́n kan. Mo ya àpótí tuntun sáàárín, mo pè é ní Ìdílé. Ilé-iṣẹ́ jẹ́ ti ìdílé kan. Ìdílé ní ọmọ púpọ̀. Ẹyọ kan wà níbẹ̀ fún Alàájì, ẹsẹ̀ ẹyẹ wà níbẹ̀ fún Àǹtí. Kò sí ìlà tó pọ́n. Mo rò pé mo ti bọ́.

A pàdé nínú yàrá Alàájì, wọ́n tan àwòrán náà sára ògiri. Olùkọ́ wò ó títí.

"Ó dára, Madam. Ṣùgbọ́n ìdílé kì í buwọ́ lùwé. Ta ló ń sọ̀rọ̀ fún un? Ẹyọ kan ni, àbí wọ́n pọ̀?"

Ìbéèrè tí mo sá fún ló tún padà wá bá mi. Àkókò ọyàn ọmọ mi sì ti kọjá, omi ọyàn ti ń rin aṣọ mi. Mo fi fáìlì bo àyà.

Alàájì ní, "Ẹyọ kan."

Àǹtí ní, "Wọ́n pọ̀."

"A ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi ò sí níbẹ̀."

"Ṣé níwájú àlejò ló yẹ ká ti máa sọ ọ́?"

"Àlejò lẹ ní kó kó mi mọ́ àwọn awakọ̀!" Ohùn Àǹtí wálẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, nígbà tí a bá ń ṣe sàráà Pàpá, tí lèmọ́mù bá béèrè pé ta ló gbé e kalẹ̀, orúkọ ta lẹ máa ń ní kó pè?"

Alàájì ń to ìwé orí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ máa ń ní kó pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ ò ní kó pe Alàájì nìkan rí."

Alàájì yíjú sí mi. "Ìwọ. Fi àmì síbẹ̀, ká máa lọ. O mọ èyí tí mo sọ fún ọ."

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ro ọmọ mi. Mo ro obìnrin tó wá ṣe kọ́mọjáde rẹ̀. Mo pa àpótí Ìdílé rẹ́, mo pa àmì ẹnu ìlà onílé-iṣẹ́ rẹ́. Ìlà náà pọ́n gbòò lára ògiri.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Alàájì, ẹ dákun. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí, ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ẹyọ kan síbẹ̀, mo ti lé Àǹtí jáde nílé bàbá wọn. Bí mo bá sì ní ẹ pọ̀, mo ti yájú sí yín. Ọwọ́ àlejò kọ́ ló yẹ kó ṣe é. Ẹ sọ ọ́ láàárín ara yín, bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe yà á."

Ó wo fáìlì tí mo gbá mọ́yà. "Lọ fún ọmọ rẹ lọ́yàn." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ti lé mi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń bọ̀ láti apá Crab Island, wọ́n ń fi báàgì na ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo ń gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ọmọ mi ti fi ẹkún dá obìnrin tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ lágara. Ó já ọmú gbà, ó ń mu, ó ń wò mí. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti fẹnu kóbá a. Ó di ìka mi mú, kò dáwọ́ mímu dúró.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ, torí ẹnì kankan ò ní kí n má wá. Alàájì ló jókòó sórí àga mi. Wọ́n ti tan kọ̀ǹpútà, ìlà náà ṣì pọ́n. Àǹtí dúró lójú fèrèsé, ojú rẹ̀ wú. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lẹ́yìn tí mo lọ, mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní, mi ò sì béèrè.

Alàájì dìde. "Jókòó. Yà á bí lèmọ́mù ṣe ń pè é."

Mo wo Àǹtí. Ó mi orí díẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ẹsẹ̀ ẹyẹ síbẹ̀. Lábẹ́ àpótí onílé-iṣẹ́, Alàájì ní kí n kọ ọ́ pé, àwọn ọmọ bàbá wa. Kò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́ títí Iléyá ọdún náà fi kọjá. Mo pa ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù rẹ́ lábẹ́ àpótí òṣìṣẹ́. Pupa náà lọ.

Alàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà níbẹ̀?"

Mo nàka sí àpótí òṣìṣẹ́, níbi tí mo kọ ẹni tó ń tẹ̀wé sí. Ó wò ó pẹ́.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ó ní. "Iṣẹ́ rẹ ti múlẹ̀."