Bàbá Sàká Ná Ajílẹ̀ Ọ̀fẹ́

Àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Sàká ná ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìbà ló máa ń sọ ìtàn náà jù. Ṣùgbọ́n Mùsítúrà wà níbẹ̀, torí tirẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe ṣẹlẹ̀.

Owó epo ti pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà. Wọ́n ń la títì lọ sí Bàdágìrì, wọ́n sì ń ké sí gbogbo ayé kí wọ́n padà sóko. Ni lọ́rí bá kó ajílẹ̀ òyìnbó dé, àpò méjì fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Mùsítúrà, ọ̀gá tó ń pín in mi orí.

"Àgbẹ̀ la kó o wá fún, ìyá. Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó ti kú. Èmi ni mò ń ro oko náà."

"Ẹ máa ṣe sùúrù nígbà náà."

Mùsítúrà ti ń yí padà nígbà tí Bàbá Sàká wọ́ bàtà dé iwájú. Ọkùnrin yìí kì í ra nǹkan láìná, kódà bó ṣe iyọ̀.

"Èló ni àpò kan?"

"Ọ̀fẹ́ ni, bàbá."

"Ọ̀fẹ́ ti wọ́n jù. Èló ni jálẹ̀?"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kò sí ohun tó tún kéré ju ọ̀fẹ́ lọ."

"Bí kò bá ṣeé dín, ẹ fi èènì sí i. Ta ló ń tajà láìfi èènì sí i?"

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó jókòó sórí àpò ajílẹ̀. Ó ní òun ò kánjú. Oòrùn mú, àwọn tó wà lẹ́yìn ń kùn, awakọ̀ lọ́rí ń fọn fèrè. Nígbà tó sú ọ̀gá, ó ní kí wọ́n fi àpò méjì sí i fún bàbá yìí. Bàbá Sàká dìde, ó gbọn eruku ìdí ṣòkòtò rẹ̀ nù, ó nawọ́ sí Mùsítúrà.

"Ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ni kí ẹ gbé èènì mi lọ."

Nígbà tí wọ́n sọ fún Bàbá Sàká pé owó epo ni ìjọba fi ra ajílẹ̀ náà, ó béèrè iye ọ̀pẹ tí ìjọba ní. Wọ́n ṣàlàyé pé epo abẹ́ ilẹ̀ ni, èyí tí mọ́tò ń mu. Àánú ìjọba ṣe é. "Epo tí kò ṣeé fi se ọbẹ̀. Abájọ tí wọ́n fi ń bẹ̀ wá ká gbin oúnjẹ."

Lọ́jọ́ kan, ṣọ́jà kan wá láti bárékè Ọ̀jọ́, ó fẹ́ ra àgbàdo gbígbẹ. Ó fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ halẹ̀. Bàbá Sàká gbé àpótí fún un. Wọ́n ná an títí tí ọwọ́ ṣọ́jà fi wá nǹkan ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará ilé bàbá họ àgbàdo. Ìgbà tí wọ́n fi máa fẹnu kò lórí iye owó, agbọ̀n ti kún, Bàbá Sàká sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń họ ọ́ kíákíá.

Ọdún yẹn, àgbàdo Mùsítúrà ga ju orí rẹ̀ lọ. Òun ló fi rán Abọ́sẹ̀dé, ọmọ rẹ̀, padà sí ilé-ìwé. Ó lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Sàká.

"Ajílẹ̀ wo?" ni bàbá wí. "Ó ń rùn. Mi ò fẹ́ ẹ nílé mi ni."

Kí òjò tó rọ̀ lọ́dún kejì ni Bàbá Sàká kú. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ń sọ ìtàn bó ṣe máa ń nájà, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wáàsí. Lẹ́mọ́mù gan-an fọwọ́ bo ẹnu. Mùsítúrà rẹ́rìn-ín títí, ó ń fi etí gèlè nu ojú, kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín yẹn di ẹkún.

Nígbà tí òjò dé, ó gbé ọkọ́, ó gba oko Bàbá Sàká lọ kó tó dé tirẹ̀. Àyọ̀kẹ́, ìyàwó olóògbé, ti wà níbẹ̀ nìkan, ó dúró sáàárín koríko bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mùsítúrà kí i, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Láìpẹ́ àwọn ará Ìbà mìíràn ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú pẹ̀lú ọkọ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Wọ́n tò sórí ebè, wọ́n sì ro oko náà dé òpin.