Igun Mẹ́rin Àpápá tí Mo Gé

Mo ṣì kéré, n kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, nígbà tí ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Káfíńtà ni wọ́n. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, ṣùgbọ́n ilé àwọn ọ̀gá ní Àpápá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń kan pákó onílà yí yàrá ká lókè, níbi tí ògiri ti kan àjà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé ó rọrùn. Káfíńtà tó ń kánjú á gé orí pákó méjèèjì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á fi gọ́ọ̀mù àti lẹ́búlẹ́bú pákó dí àárín rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, igun náà á lanu. Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Pákó kìíní á wọ igun lọ tààrà. Wọ́n á wá fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé orí ìkejì kó bá gbogbo kòtò àti gegele ara ti àkọ́kọ́ mu. Bí bíléèdì bá lè wọ àárín rẹ̀, wọ́n á tún un gé.

Nígbà tí wọn kò rí ojú ìlà mọ́, èmi ọmọbìnrin wọn ni wọ́n kọ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti ń gé e, a kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ, ló ń gun àkàbà lọ kàn án.

Lọ́jọ́ kan mo bẹ bàbá mi kí n tẹ̀ lé àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi lọ wo pálọ̀ òyìnbó kan tí mo gé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òyìnbó náà gun àkàbà, ó fi èékánná wá àlàfo títí, kò rí. Ó bi bàbá mi pé ta ló gé e. Orí mi ti ń wú.

Bàbá mi nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi: “Ọmọ mi ọkùnrin yìí ni, sà.”

Ojú ẹsẹ̀ ló gba ẹ̀gbọ́n mi síṣẹ́.

Lójú ọ̀nà, mo ní, “Bàbá, ẹ ò sọ pé èmi ni.”

“Ta ló máa fẹ́ obìnrin tó ń bá ọkùnrin du ayùn? Lọ kọ́ aṣọ rírán.”

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Olódi. Oṣù méjì kò pé tí òyìnbó náà fi lé ẹ̀gbọ́n mi, nítorí kò mọ igun gé. Bàbá mi gbé ayùn wá bá mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Aṣọ ni mò ń rán, sà.” Wọn kò ríṣẹ́ gidi ṣe mọ́ títí wọ́n fi kú.

Lóde òní, àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe káfíńtà ń gun àkàbà, wọ́n ń ya fọ́tò lórí rẹ̀, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó yẹ kínú mi dùn bí mo bá rí wọn. Kì í dùn. Ńṣe ni mo máa ń jowú wọn, èmi àgbàlagbà.