Ẹni Tó Ń Dáhùn Láàárín Ìwé

Ohùn obìnrin kan ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún tí mo parí àgùnbánirọ̀, tí mo padà sílé lọ́dọ̀ bàbá mi ní Alápẹ̀rẹ̀. Inú fóònù ni ohùn náà ti ń jáde. Fóònù yẹn á wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹnikẹ́ni kò fi ránṣọ mọ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á sì máa gba ojú fèrèsé wọlé. Bí ohùn náà bá ti ka gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, á dákẹ́ díẹ̀, bàbá mi á sì dá a lóhùn pé, "Hẹ̀n-ẹ́n."

Télọ̀ ni bàbá mi. Láti agbègbè Ọ̀yọ́ ló ti wá sí Èkó nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọ̀nà Ìkòsí ló sì ti ránṣọ títí ojú rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Gùlókómà ni wọ́n pe àrùn náà. Kì í dunni, ṣe ló máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, kí èèyàn sì tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó ti jẹ púpọ̀ lọ. Kí ojú rẹ̀ tó lọ, ó fẹ́ràn láti máa ka ìwé ìtàn ní ṣọ́ọ̀bù bí oníbàárà kan bá jáde tí òmíràn kò tíì wọlé. Ìyá mi ti kú nígbà tí mo wà ní yunifásítì, nítorí náà, àwa méjì náà la kù nílé: ẹni tí kò ríran mọ́, àti ẹni tí kò ríṣẹ́.

Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà, ó sì ti wọ̀ mí lára láti máa wá ẹ̀rí ohun gbogbo. Bàbá mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí gbogbo àdúgbò bá ń sá fún òjò, èmi á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta ná. Bí mo ṣe ń wáṣẹ́ kiri, mò ń kọ èrò mi nípa ìwé àtẹ́tísí, ìyẹn ìwé tí ẹnìkan ti kà sílẹ̀ kí àwọn mìíràn lè máa fetí gbọ́ ọ lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan ló dá ojú ewé kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A máa ń fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀, márùn-ún ló sì pọ̀ jù. N kò fún ìwé kankan ní márùn-ún rí. Nígbà náà, mo gbà pé ohun tó fi hàn pé mo gbọ́n nìyẹn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ìwé tí mo kọ́kọ́ ń gbọ́, bàbá mi kò sì bá wọn ṣe. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ti Yorùbá fún un. Kò pọ̀, ibi tí èèyàn kò sì ronú sí ló máa ń wà, tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tí apá kẹta ń ṣáájú apá kejì. Èyí tí mo bá rí, mo máa ń gbé e wá síwájú rẹ̀ bí ẹni gbé aṣọ wá fún télọ̀ láti yẹ̀ wò. Kì í pẹ́ kó tó dájọ́.

"Eléyìí, ta ló ń lé e?"

Màá wá òmíràn. "Èyí ń ka ìròyìn fún wa. Bi í pé ta ló kú."

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo rí ti obìnrin náà. Ìtàn obìnrin kan ni, tó jáde nílé láti wá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó sọnù, tó ń lọ láti ìlú dé ìlú. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi, èmi ni mo kọ́kọ́ dá a gbọ́. Mo ki okùn fóònù bọ etí méjèèjì, mo gbọ́ ọ dé ibi tó mọ, mo sì kọ èrò mi sílẹ̀: ohùn rẹ̀ dára, ó mọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dákẹ́ láìnídìí lẹ́yìn gbólóhùn bíi mélòó kan, àfi bí ẹni tó gbàgbé pé òun ń kàwé. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbé e fún bàbá mi.

Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé orí sókè.

"Ta ni ìyá yìí?"

"N ò mọ̀ ọ́n, Bàámi."

"Ó mọ̀ mí."

Láti ọjọ́ náà, ó ń dá a lóhùn. Bí ohùn náà bá dákẹ́, á ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Bí wọ́n bá yan obìnrin inú ìwé náà jẹ, á ní, "Ẹ ò rí ìkà èèyàn." Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ẹni tó ń kàwé náà kò lè gbọ́ ọ.

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí. "Ìwọ ńkọ́, akọ̀wé? Bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ tó o tẹjú mọ́ fóònù, ṣé o máa ń gbọ́ ni? Mo ṣì ń sọ ọ́, àbí n kì í sọ ọ́?"

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bàbá mi ní tòun ti kúrò lójú, etí ló kó lọ. Mo jókòó tì í, mo fara balẹ̀, mo sì rí i pé ìdáhùn rẹ̀ bá àlàfo inú ìwé náà mu rẹ́gí, bí okùn ìdíwọ̀n ṣe ń bá èjìká mu. Kò yé mi. Ó lè jẹ́ ojú ewé ni obìnrin náà ń ṣí. Ó sì lè jẹ́ pé èémí rẹ̀ kò gùn. N kò ní ẹ̀rí ìkankan nínú méjèèjì.

Ìwé náà kò parí. Ibi tí obìnrin inú ìtàn ti dé ìlú kan létí odò, tí wọ́n sọ fún un pé ẹnìkan tó jọ ọ́ ti kọjá níbẹ̀, ibẹ̀ ni ohùn náà dá sí. Mo wá ìyókù títí. Mo wá ìwé náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tàwé, wọ́n ní wọn kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, bàbá mi á bi mí bóyá ìyá yẹn ti dé. Ó ń rẹ̀ ẹ́ nígbà náà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ga, kì í sì í fẹ́ jẹun. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń béèrè lọ́wọ́ ayé ni bóyá ẹni yẹn rí àbúrò rẹ̀.

Mo kọ̀wé sí obìnrin náà níbi tó gbé ìwé rẹ̀ sí. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, ohùn rẹ̀ ló sì fi ránṣẹ́. Èmi àti bàbá mi la jọ gbọ́ ọ.

"Ẹ kú àbójútó Dádì o. Màmá mi ni mò ń ka ìwé yẹn fún. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa dáhùn. Ọmọ mi tó bá mi gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní ohùn Màmá ń dí ìwé lọ́wọ́, ló bá gé e kúrò. Kò mọ̀. Màmá ti lọ báyìí. Mo gbìyànjú kí n ka ìyókù, kò ṣeé ṣe. Ta ni kí n máa kà á fún?"

Bàbá mi kò dáhùn èyí. Ó kàn ń fọwọ́ ra etí ẹ̀rọ ìránṣọ náà. Nígbà tó yá, ó ní, "Bi í pé níbo ló ń gbé."

Ìṣẹrì Olówòrá ló ń gbé, nínú àwọn ilé tí wọ́n ní géètì kan náà. Ọ̀sán Sátidé ni mo mú bàbá mi débẹ̀. Obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, ó mọ́ tónítóní, ó sì ti gbé omi sílẹ̀ dè wá. Bí bàbá mi ṣe jókòó, obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Àga tí Màmá máa ń jókòó sí nìyẹn, Dádì."

"Ṣé kí n dìde?"

"Rárá o. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ yáa kà á, ìyá. Etí odò tẹ́ ẹ fi mí sí láti ọjọ́ yìí, òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti nu ojú. Ó wá kà á, èmi sì di fóònù mú, mò ń gbà á sílẹ̀. Orí kan la máa ń gbọ́ bí a bá lọ ní Sátidé. Ó ní kí n má gé ohùn bàbá mi kúrò, nítorí ti màmá òun ti pa rẹ́, kò sí ibi tí òun lè ti wá a rí mọ́.

Ó wá ku orí kan péré. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, obìnrin náà sì ti ṣí i, ó fẹ́ máa kà á lọ. Bàbá mi ló gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kó di Sátidé. Bá a bá jẹ ẹ́ tán lónìí, kí la ó máa retí?"

Kí Sátidé tó dé, ìfúnpá rẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ti wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. "Akọ̀wé," ó ní, "ṣé ó rí i?"

Mo mọ ohun tó ń béèrè. Mo rò ó bóyá kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ọ́, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè bá onítọ̀hún wí. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀, bàbá mi sì mọ ohùn mi bí mo bá ń sọ ohun tí n kò mọ̀.

"N ò tíì mọ̀, Bàámi. Bẹ́ ẹ bá délé, a ó jọ lọ gbọ́ ọ."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí ó fi lọ.

A gbé e lọ sin sí ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo padà sí Èkó ni obìnrin náà pè mí pé orí tó kù ń bẹ níbẹ̀. Mo lọ. Àga yẹn ni ó ní kí n jókòó sí. Ó kà, ó dákẹ́, ó sì dúró dè mí. Mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò bọ́ sásìkò rárá. Ó máa ń jẹ́ pé ó ti ń ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e kí ẹnu mi tó yà. Nígbà tí obìnrin inú ìtàn náà kan ilẹ̀kùn kan, tí àbúrò rẹ̀ ṣí i, ẹni tó ń kàwé dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. N kò rí hẹ̀n-ẹ́n sọ.

"Ó rí i, Bàámi," ni mo wí. Ó wà nínú ìwé náà bẹ́ẹ̀.

Odindi ìwé náà ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Kò pẹ́ tí ẹnìkan kọ èrò rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ pé ìtàn dára, ohùn dára, ṣùgbọ́n bàbá kan ń dá sí ọ̀rọ̀ ṣáá láti àárín ìwé lọ, kí wọ́n bá àwọn yọ ọ́ kúrò. Ìràwọ̀ mẹ́ta ló fún un. Mo ka ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan, n kò rí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń dá sí ọ̀rọ̀.

Mo ti ríṣẹ́, n kò kọ èrò nípa ìwé mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, mo máa ń gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ náà kí obìnrin náà máa kàwé rẹ̀. Bó bá dé ibi àlàfo, mo máa ń dákẹ́, kí bàbá mi lè dáhùn.