Ọwọ́ Tó Gé Páànù

Ní kékeré mi, nígbà tí irun orí tó ti di òwú yìí ṣì dúdú bí aró, orí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ní Kemta ni mo ti mọ agbára atẹ́gùn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín. Àdìrẹ ni ìyá mi ń ṣe, orí àpáta yẹn la sì máa ń sá a sí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé òkúta lé etí aṣọ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sórí òrùlé onílé. Bí ọyẹ́ bá dé, aṣọ á fò, èmi náà á sáré tẹ̀lé e. Bí mo bá sì rí i dì mú, á máa fà mí bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti ń rò ó pé, nǹkan tó lágbára tó báyìí, kí ló dé tí kò bá wa ṣiṣẹ́ kankan?

Páànù la fi ń ya ara àdìrẹ wa nígbà náà, bàbá mi ló sì ń gé e. Wọn á mú páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti inú àpótí tíì wá, wọn á fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gé ẹyẹ, ewé àti òṣùpá sí i lára. Ìyá mi á tẹ́ páànù yẹn lé aṣọ, wọn á fi ẹ̀kọ láfún pa á. Ibi tí ẹ̀kọ bá gba ihò kọjá dé ara aṣọ, aró kò ní mú ibẹ̀. Ọkùnrin ló ń gé páànù, obìnrin ló ń pa ẹ̀kọ. Bí a ṣe bá a nílé nìyẹn. Wọ́n ní bí obìnrin bá gé páànù, ẹ̀kọ kò ní jókòó lára aṣọ tí wọ́n bá fi ṣe. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ọwọ́ bàbá mi. Bí wọ́n bá ti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, èmi á mú àjákù páànù, n ó máa gé e. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń gé e, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá mi.

Múfútáù ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é. Ọjọ́ kan náà ni bàbá wa fi àwa méjèèjì sí ilé ẹ̀kọ́, kí n lè rí ẹni bá mi kọjá Ṣàpọ́n láàárọ̀. A sì jọ dé kíláàsì tó kẹ́yìn. Nínú ilé wa, ọmọbìnrin tó bá ti dé ibẹ̀, ìdí ìkòkò aró ló kàn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì wù mí.

Lọ́dún yẹn ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, kéde pé kí kíláàsì wa fi àlòkù inú ilé ṣe nǹkan tó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù, wọn yóò mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn, bàbá rẹ̀ kò ní náwó sí i. Wọ́n ní ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ ọ̀fun mi nígbà tí mo délé.

Mo sọ fún bọ̀ọ̀dá mi pé atẹ́gùn orí àpáta lè tan iná. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé dínámò kẹ̀kẹ́ máa ń tan iná bí táyà bá ti ń yí i. Kẹ̀kẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé wa tó ti kú tipẹ́, adìẹ ló ń yé sábẹ́ rẹ̀. A tú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, tòun ti dínámò. Bọ̀ọ̀dá mi dè é mọ́ igi, ó sì ki igi náà sáàárín òkúta kó lè dúró. Èmi gé abẹ̀bẹ̀ lára àwọn páànù tí bàbá wa ti pa tì, mo fi wáyà dè wọ́n mọ́ sípóòkù yípo.

Kò yí. Atẹ́gùn ń fẹ́, aṣọ ń fò lọ́tùn-ún lósì, tiwa dúró ṣinṣin bí àna tó ń bínú. Bọ̀ọ̀dá mi wò ó títí, ẹ̀rín pa á. Ihò ẹyẹ àti ihò òṣùpá tí bàbá wa gé sí páànù, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà lọ.

"Sìkírá, asẹ́ lo gé," ó ní. "Ta ló ń fi asẹ́ pọnmi?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀kọ tó ń dí aró lọ́nà, ṣé kò ní lè dí atẹ́gùn ni?"

Mo bu ẹ̀kọ láfún nínú ìkòkò ìyá mi, mo fi lẹ àkísà mọ́ ojú àwọn ihò náà, mo sì sá a sóòrùn títí tó fi le. Mo wá rántí pé aṣọ tó bá ń fò kì í kọjú sí atẹ́gùn gbọnrangandan, ńṣe ló máa ń fẹ̀gbẹ́ sí i. Mo yí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́. Nígbà náà ló yí o. Ó kọ́kọ́ lọ́ra, ó wá ń yára, títí a kò fi dá ẹyẹ mọ̀ yàtọ̀ sí òṣùpá mọ́.

Oòrùn mú jù, a kò rí iná gílóòbù tọ́ọ̀ṣì tí bọ̀ọ̀dá mi so mọ́ wáyà. A bá gbé e sínú ìkòkò aró kan tó ti sán, a dá ìkòkò náà dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí iná á ki orí bọ inú rẹ̀. Láṣun ọmọ alágbẹ̀dẹ, Ṣàkírù, Mójí tí ìyá rẹ̀ ń ta irú, gbogbo wọn ló ki orí bọ̀ ọ́, tí wọ́n jáde pẹ̀lú etí aláró. Títí dòní, bí mo bá rántí etí Ṣàkírù, mo ṣì máa ń rẹ́rìn-ín.

Kó tó di pé ó yí, ibi tí mo ti ń gé abẹ̀bẹ̀ tó kẹ́yìn ni ọ̀bẹ ti yọ̀, páànù sì la àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi. Bọ̀ọ̀dá mi ló já ewé, tó fún oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́, tó fi etí aṣọ rẹ̀ dì í. Nígbà tí ìyá wa bèèrè, ó ní agolo sàdíìnì ló gé mi, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé bí ẹnu ṣe ń mọ irọ́ pípa nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a ru ẹ̀rọ àti ìkòkò wa lọ, gbogbo òbí sì péjọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ki orí bọnú ìkòkò wa, wọ́n yọ ọ́ jáde, iwájú orí wọn dúdú bọ̀lọ̀jọ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n wá fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ kan, wọ́n ní, "Ta ló gé páànù yìí?"

Mo ti la ẹnu.

"Èmi ni, sà," bọ̀ọ̀dá mi ní. "Èmi ni mo dá gbogbo ẹ̀ ṣe."

Mo wojú bàbá wa. Wọ́n ti dìde, wọ́n tú abẹ̀bẹ̀ kan, wọ́n ń fi ìka tọ etí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yé yín: ẹni tó ń gé páànù mọ ọwọ́ tó gé e, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń mọ òòlù ara wọn. Ojú gígé ọlọ́wọ́ òsì máa ń tẹ̀ síbi tí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún kì í tẹ̀ sí. Wọ́n tọ ọ́ lọ, wọ́n tọ ọ́ bọ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi, wọ́n rí àkísà tí mo fi di ọwọ́.

"Ọwọ́ ọmọkùnrin mi ni," bàbá mi ní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, páànù gé mi, mo sì yè é. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò tíì yè.

Nígbà tí a délé, wọ́n pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò jágbe mọ́ mi. Wọ́n ní bí àwọn bá jẹ́wọ́ pé èmi ni mo gé e, gbogbo aládìrẹ ìlú á ní obìnrin ló ń gé páànù àwọn, kò ní sẹ́ni tí yóò ra aṣọ àwọn mọ́, ebi á sì pa gbogbo wa. Bọ̀ọ̀dá mi náà wá bá mi nídìí ìkòkò aró. Ó ní kí n má sunkún, bí òun bá ti dé Ìbàdàn, òun á ránṣẹ́ wá pè mí. Mo gbà á gbọ́, nítorí òun ló fi ewé di ọgbẹ́ mi.

Kò ránṣẹ́. Ó kàwé, ó di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ mànàmáná, ó kọ́lé sọ́nà Kọ́bapẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: kò sí iléyá tí kò ra aṣọ fún mi, òun ló pààrọ̀ òrùlé tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ yìí. Gbogbo nǹkan ló fún mi, àfi èyí tó gbà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí àìsàn tó mú un lọ dá a dùbúlẹ̀, èmi ni mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ń retí pé yóò lé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, kó bá mi sọ ọ́. Ńṣe ló ń pè wọ́n wọlé. Ó ń sọ fún wọn bí òun ṣe ṣe ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí nígbà tóun wà lọ́mọdé. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí wọn, ó ní, "Ibí yìí ni páànù ti gé mi." Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju awọ arúgbó tó hunjọ lọ, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ó wá yíjú sí mi.

"Sìkírá mọ̀," ó ní. "Ó wà níbẹ̀."

Mo gbé omi fún un, ó mu ún. Ọgbẹ́ mi pàápàá, ó ti gbà á mọ́ tirẹ̀.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi ń kì í. Mo sunkún débi pé wọ́n gbé mi wọlé. Wọ́n rò pé ikú rẹ̀ nìkan ni mo ń sun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Rọ̀fíátù, ọmọ ọmọ rẹ̀, gbé ike omi tó ti ṣófo, irin agboòrùn àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n tú nínú ọkọ̀ ìṣeré wá sí ìloro mi. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ní kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ atẹ́gùn. Inú fóònù ló ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó jókòó ní gbangba, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé ike, bàbá rẹ̀ ń kọjá, ó ń yìn ín. Kò sẹ́ni tó sọ pé obìnrin ni.

"Màmá àgbà," ó ní, "ẹ sọ bí bàbá àgbà ṣe gé tiwọn fún mi."

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí i. Ó fi ìka tọ ojú àpá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí bàbá mi ṣe tọ etí páànù lọ́jọ́sí. 

"Bàbá àgbà ní ọwọ́ àwọn ni."

"Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣẹ̀jẹ̀," mo ní. "Àwọn ló fi ewé dì í."

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Páànù àdìrẹ ti di nǹkan tí àwọn àlejò ń yà ní fọ́tò, ọmọbìnrin sì ń gé ohun tó bá wù ú níṣojú bàbá rẹ̀. Inú mi dùn pé ó yí. Ó kàn dùn mí pé ẹ̀yìn mi ló tó yí ni.

Ike kan ṣẹ́kù tí kò tíì gé. Ó gbé e fún mi, òun àti àlùmọ́gàjí. Bàbá rẹ̀ dúró, ó ń wò wá. Mo fi ọwọ́ òsì gbà á, mo sì gé e lójú gbogbo wọn.