Obìnrin Tó Ká Odò sí Méjì

Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ yẹn ló sì ń kó bá a. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ń kàn. Bí inú bá ń run ọmọ ẹnì kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ náà ni. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà omi ni mí o, n kì í ṣe dókítà èèyàn." Wọ́n á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó wá bá àwọn wo ẹ̀rọ omi tó ń jò ní ilé ìdáná àwọn. Ìyẹn gan-an ni kò mọ̀ ọ́n ṣe! Ẹ̀rọ omi ilé tirẹ̀ ń jò tó-tó-tó, àkísà ni ọkọ rẹ̀ fi dì í lẹ́nu.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Bí àwọn kan bá fẹ́ fi kọnkéré dí odò, kí wọ́n tó po símẹ́ńtì rárá, ó yẹ kí ẹnì kan ti mọ ohun tí omi máa ṣe lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tí kò dá, tí wọ́n sì ní láti ṣí ilẹ̀kùn dáàmù. Ṣé á rọra máa lọ ni, àbí á bínú, á fo ògiri, á sì kó ilé onílé lọ? Òun ni ẹni tó ń sọ ọ́. Yàrá rẹ̀ ní yunifásítì kò gbà ju tábìlì kan, àga méjì àti kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń kùn bí ológbò tó yó. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ló ń kọ́ odò sí. Á gé omi sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ tí kò níye, á ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà, èyí tó máa ti èkejì àti èyí tí èkejì máa tì. Kọ̀ǹpútà á rò ó títí ọ̀sẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ parí, kó tó ya àwòrán omi jáde, búlúù níhìn-ín, pupa lọ́hùn-ún. Obìnrin yìí fẹ́ràn àwọn àwòrán yẹn ju fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ mọ̀, ó ti gba kámú.

Ní ìsàlẹ̀ ilé kan náà, Bàbá Kápẹ́ńtà ní odò tirẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn gbígbòòrò kan, ó fi pákó àti gíláàsì kan dáàmù kékeré, ohun gbogbo rẹ̀ bíi ti dáàmù gidi, àfi pé èèyàn lè gbé ẹsẹ̀ dá a kọjá. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, omi á ya wọ inú rẹ̀ wàà, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo ìṣe rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, odò méjèèjì ń bá ara wọn jà. Omi inú kọ̀ǹpútà máa ń jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn dáàmù, á gba àárín gbùngbùn lọ tààrà, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ yà síbì kankan. Omi inú pákó ńkọ́? Bó ti ń jáde báyìí ló ti ń fara ti ògiri apá òsì, tó ń fi ara ha á, tó ń fò sókè níbẹ̀ bí àgùntàn tí ejò bù jẹ. Ní apá ọ̀tún, omi kàn ń yí po jẹ́jẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ apá òsì yìí gan-an ni àwọn èèyàn kọ́lé sí níbi dáàmù gidi. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ẹnjiníà tó fẹ́ kọ́ dáàmù náà ń bọ̀ wá gbọ́ bí ògiri ṣe máa ga tó. Ohun tí Dókítà bá sọ ni wọ́n máa kọ́.

"Bàbá, odò yín wọ́," Dókítà sọ fún un lọ́jọ́ Ajé.

"Kí ló wọ́?"

"Odò yín. Ó fì sápá òsì."

Bàbá Kápẹ́ńtà kò jà. Ó mú léfẹ́lì rẹ̀, igi kékeré tó ní omi nínú tí wọ́n fi ń wò ó bóyá nǹkan tẹ́jú, ó gbé e lé ìsàlẹ̀ odò. Afẹ́fẹ́ kékeré inú omi léfẹ́lì dúró sáàárín, kò mì.

"Ẹ jẹ́ n gbé e lé yín lórí náà, Dókítà. Bóyá ibẹ̀ ló ti wọ́."

"Bàbá!"

"Kò burú. Mo kúkú máa tú u, kí n tún un kàn."

Ó tú u, ó tún un kàn. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Omi tún lọ sápá òsì, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń gbé níbẹ̀.

Inú wá bí Dókítà. Ọ̀gá rẹ̀ ti rí àwòrán tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, ó ti pariwo, "Ẹ wo bó ṣe gún régé!" Dókítà sì ti fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ẹnjiníà pé ògiri kúkurú ti tó. Pákó ló máa wá dójú tì í níwájú àlejò? Lọ́jọ́rú, bó ṣe ń lọ sílé, ó ní kí Bàbá fọ́ odò náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ ti mọ́ kí àlejò tó dé.

"Kí n fọ́ ọ?"

"Ẹ bá mi fọ́ ọ, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa, Dókítà." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń wá hámà.

Télọ̀ ni ọkọ Dókítà. Pálọ̀ wọn náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì sí àlejò tó jókòó níbẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kò gún rí. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó.

"Kí lẹ ń wò tó bẹ́ẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ?"

"Aṣọ ọ̀gá iléèwé ni. Obìnrin yẹn fẹ́ pa mí."

"Ẹ ká a sí méjì, kẹ́ ẹ gé e. Ṣebí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn? Apá kan lẹ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí, ìkejì á bá a jáde."

"Ti àwọn tó dọ́gba nìyẹn, Ìyá Olómi. Èjìká òsì ni obìnrin yìí ti ń gbé báàgì kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, èjìká yẹn ti sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá ká aṣọ rẹ̀ sí méjì, mo ti sọ pé èjìká rẹ̀ dọ́gba kí n tó wọ̀n ọ́n nìyẹn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ni aṣọ ń sá fún un."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹ̀rín ṣe gbẹ lẹ́nu ìyàwó lójijì.

"Mo ká a sí méjì," ó ní.

"Kí lo ká?"

"Odò! Mo ká odò sí méjì!"

Ohun tó ṣe nìyí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó wò ó pé ọ̀tún àti òsì dáàmù jọ ara wọn bí ìbejì, kí ló wá dé tí kọ̀ǹpútà á fi máa ṣírò gbogbo rẹ̀? Ó ní kó ṣírò ìdajì, kó fi ìdajì kejì ṣe òjìji rẹ̀ bíi pé inú dígí ló ti ń wò ó. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi dín àkókò kù. Ṣùgbọ́n omi tó bá ti ẹnu tóóró bọ́ sí gbangba kì í fẹ́ dá dúró. Á wá ògiri kan fara tì. Òun wá ti mọ ògiri tí ojú kò rí sí àárín odò, ó ti sọ fún omi pé kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Kí ni omi fẹ́ ṣe? Ó lọ tààrà. Ó gún régé. Irọ́ sì ni.

"Hámà!" Dókítà lọgun, ó fa fóònù yọ. Bàbá Kápẹ́ńtà kò gbé e. Ó tún pè é, kò gbé e. Bí wọ́n bá fọ́ odò pákó yẹn, kò sí ohun tó máa fi han àwọn àlejò mọ́, nítorí kọ̀ǹpútà kò lè rí odindi odò ṣírò kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ògiri kúkurú ni wọ́n máa lọ kọ́.

Télọ̀ gbé e sórí alùpùpù rẹ̀ tòun ti okùn ìwọ̀n lọ́rùn.

"Ẹ yára!"

"Alùpùpù yìí kò gbọ́ èdè yẹn."

Láti ìta ni wọ́n ti ń gbọ́ hámà, gbà! gbà! Dókítà sáré wọlé. Ògiri apá ọ̀tún ti di pákó nílẹ̀. Ti òsì ṣì dúró.

"Bàbá, ẹ dúró!" Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. "Odò yín kò wọ́. Tèmi ni ò dáa."

"Tiyín tó gún régé yẹn?"

"Ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ má bínú, Bàbá."

Bàbá Kápẹ́ńtà wò ó, ó wo Télọ̀, ó wo pákó ilẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè. Èmi nìkan kọ́ ni mo máa kàn án."

Télọ̀ di pákó mú. Dókítà kan ìṣó mẹ́ta, èyí tó bá àtàǹpàkò rẹ̀ ju èyí tó bá igi lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi láílọ́ọ̀nù dí ibi tó ń jò nígbà tí àwọn àlejò wọlé, ọ̀gá Dókítà ń ṣáájú wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Olórí àwọn ẹnjiníà wọ bàtà dúdú kan tó ń dán gbinrin, ó lọ dúró sápá òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sún díẹ̀," Dókítà ní.

"Mo ríran dáadáa níbí."

Bàbá Kápẹ́ńtà tan ẹ̀rọ. Omi ya jáde, ó fì, ó gbá ògiri òsì, ó fò ó kọjá wàà, ó sì kún inú bàtà méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi Télọ̀, òun náà sì tètè sọ ọ́ di ikọ́.

"Ògiri yìí kò ga tó," ẹnjiníà náà ní, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kò tó, sà. Ìwé tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí yín pé ó tó, ẹ ya á. Mo ṣe àṣìṣe." Ọ̀gá rẹ̀ ti ń fi ojú pè é, kò wo apá ibẹ̀.

"Báwo ló ṣe yẹ kó ga tó?"

"Mi ò tíì mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ lónìí, irọ́ ni màá pa. Ẹ fún mi láyè kí n ṣírò odindi odò."

Ẹnjiníà náà bọ́ bàtà kan, ó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. "A ò tíì po símẹ́ńtì. A máa dúró."

Dókítà gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbóná wọ̀ọ̀. Ó pa ògiri àárín odò yẹn rẹ́, ó tẹ kọ̀ǹpútà kó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi omi sílẹ̀ kó lọ síbi tó bá wù ú.