Íńṣọ́ránsì Tí Wọ́n Tà fún Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ka ìbéèrè tán kí wọ́n tó dáhùn. Ẹni tí kò bá kà á tán, màá fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, màá sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé, "Padà lọ kà á." Ọjọ́ tí èmi fúnra mi wá buwọ́ lu ìwé tí n kò kà tán, kò sí ẹni tó fi báírò pupa dá mi dúró. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ náà. Mo sì mọ̀ pé irú mi pọ̀.

Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ní Accokeek, ní Maryland, lókè òkun. Ibẹ̀ dára lójú: igi, oko, ilé tó jìnnà síra wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní mọ́tò níbẹ̀, àfi kó jókòó sójú fèrèsé kó máa wo àgbọ̀nrín. Èmi sì ní ibi tí mò ń lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, mò ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá kíkà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kettering. Wọn kì í sanwó fún mi, n kò sì béèrè. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń juwọ́ sí àgbà tẹ́lẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ kí mi, àtọkùnrin àtobìnrin, tó fi di pé mò ń tún un sọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkùnrin.

Nítorí kíláàsì yìí ni mo ṣe ra mọ́tò àlòkù kan. N kò ní gbogbo owó rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń ta mọ́tò náà máa ń yá oníbàárà lówó, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ọmọ Yorùbá kan ló jókòó sídìí tábìlì wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárín àwọn mọ́tò, lórí ọ̀dà, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Inú mi ti dùn kí n tó jókòó.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, Mọ́mì?"

"Olùkọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì."

Ó gbé báírò sókè. "Háà, Mọ́mì! Ṣé tíṣà máa ń fẹ̀yìn tì ni? Ẹni tó kọ́ mi ní ABD, títí dòní, Tíṣà ni mò ń pè é. Tíṣà ni màá kọ síbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi. Òótọ́ kúkú ni pé láàárín wa, orúkọ yẹn kì í kúrò lára ènìyàn. Àwọn tí mo kọ́ nígbà tí wọn kò tíì léhín iwájú ti di bàbá ọmọ, síbẹ̀ bí wọ́n bá rí mi lọ́nà, "Tíṣà!" ni wọn yóò ké, wọn yóò sì gba ẹrù lórí mi. Mo jẹ́ kó kọ ọ́.

Ó ṣí ojú ìwé kejì. "Íńṣọ́ránsì rèé, mà. Bí àìsàn bá dá yín dúró, ẹ ò sì ní ṣàìsàn láṣẹ Olúwa, àwọn ni yóò máa san owó oṣooṣù yín."

"Ṣé dandan ni?"

"Gbogbo ènìyàn ló ń gbà á, mà. Láìsí i, ó lè ṣòro kí wọ́n tó yá yín lówó."

Ó ti sàmì sí gbogbo ibi tí mo ti máa buwọ́ lù ú. Awò ojú mi wà nínú báàgì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi, kí n wá yọ awò, kí n máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ̀? Lójú mi, ó dà bí ẹni pé mò ń pè é lólè. Mo buwọ́ lù ú níbi mẹ́rin.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, yìnyín yọ̀ mí ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn ẹsẹ̀ mi òsì sì kán. Owó ilé ìwòsàn gbé ìwọ̀nba tí mo ní. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó má ṣèyọnu lórí mọ́tò, íńṣọ́ránsì yóò máa san án. Oṣù méjì kọjá. Lẹ́tà kan wá dé, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn tí mo mọ̀, bí kò ṣe láti iléeṣẹ́ mìíràn ní Beltsville. Wọ́n ní àwọn ti ra gbèsè mi lọ́wọ́ àwọn tó ta mọ́tò fún mi, pé bí n kò bá san oṣù méjèèjì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, wọn yóò wá wọ́ mọ́tò náà lọ.

Ọmọ mi pe àwọn tó tà á fún mi. Nọ́ńbà wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó wakọ̀ lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò mọ́tò ti kógbá sílé, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbà lọ. Ó wá pe àwọn oníńṣọ́ránsì fúnra wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ní iṣẹ́ tó ń gbowó lé lórí ni íńṣọ́ránsì yẹn wà fún. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, kò lè rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀ láé.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ta báàgì ìwé fún ọmọ tí kò sí nílé ìwé kankan, tí wọ́n tún wá ń gba owó báàgì náà lóṣooṣù.

"Mọ́mì, ẹ ò kà á ni?" ọmọ mi bi mí.

"Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń gbà á."

"Èmi tẹ́ ẹ nà torí pé mi ò ka ìbéèrè kejì tán?"

"Ìbéèrè kẹta ni."

"Ẹ sì rántí!" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Bí mọ́tò yẹn bá lọ, kíláàsì lọ nìyẹn, èmi a sì padà sójú fèrèsé.

Mo ní kó gbé fáìlì mi wá. Mo wọ awò, mo wá ka gbogbo ìwé náà láti orí dé ìsàlẹ̀, bó ṣe yẹ kí n ti kà á. Ọmọ yẹn kọ "tíṣà" síbi iṣẹ́. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ẹni tó gbà mí síṣẹ́, kò kọ nǹkan kan. Níbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí owó ti ń wọlé fún mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé owó ìfẹ̀yìntì àti ọmọ ni. Ó mọ̀. Ó mọ̀ tipẹ́! Lẹ́yìn ìwé náà, ní lẹ́tà ńláńlá, wọ́n kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tí ìwé náà bá bọ́ sí lọ́wọ́, ẹjọ́ tí ẹni tó rajà bá lè bá ẹni tó tà á rò, òun náà ni yóò jẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ keje, ọmọ mi fi mọ́tò gbé mi lọ sí Beltsville, pẹ̀lú igi tí mo fi ń rìn. Ọ́fíìsì wọn wà láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Òyìnbó kan tó wọ táì ló dá wa lóhùn.

"Kì í ṣe àwa la ta íńṣọ́ránsì fún yín, mà. Àwọn tó tà á kò sí mọ́."

"Gbèsè mi ńkọ́? Ṣé òun náà kò sí mọ́ ni?"

"Rárá, a ti ra ìyẹn."

"Ní ilé wa," mo sọ fún un, "bí bàbá bá kú, ẹni tó gba oko rẹ̀ ni àwọn tí bàbá jẹ lówó máa ń wá bá. Kò lè kó iṣu tán kó ní òun kò mọ gbèsè."

"Mà, Maryland nìyí."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tí wọ́n kọ ní Maryland." Mo yí ìwé náà padà, mo sì kà á sí i létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń pe àpèkọ.

Ó kà á fúnra rẹ̀. Ó wá fi ìka tọ́ka síbòmíràn. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé tíṣà ni yín."

Ìyẹn dùn mí, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni mo jẹ́ kó kọ ọ́," mo ní. "Ẹ ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Tíṣà tí kò sílé ìwé kankan tó ń sanwó fún un, iṣẹ́ wo ni àìsàn fẹ́ dá a dúró lẹ́nu rẹ̀?"

Ó kó ìwé náà wọlé tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, ó mú ìwé tuntun dání: wọn yóò yọ íńṣọ́ránsì náà kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti san lé e yóò lọ sórí gbèsè mọ́tò, ìyẹn yóò sì dí oṣù méjèèjì náà. Wọn kò ní wá wọ́ mọ́tò mi lọ mọ́. Ọmọ mi ti na báírò sí mi.

Mo kọ́kọ́ kà á tán. Wọ́n dúró dè mí. Ní ìlà kẹta, wọ́n kọ ọ́ pé àánú ni àwọn fi ṣe é. Mo yọ báírò pupa nínú báàgì, mo fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́!" ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí wọ́n tó yí ọkàn padà."

"Jókòó." Mo kọjú sí ọkùnrin náà. "Ẹni tó dá owó olówó padà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi tún un kọ."

Ó wo aago. Ó wò mí. Ó tún wọlé. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo di igi mi mú. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti tún un tẹ̀. Wọ́n ti yọ àánú, wọ́n fi "owó tó tọ́ sí i" rọ́pò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tọrọ àforíjì. Mo buwọ́ lù ú níbi kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ mi san, mo wa mọ́tò náà lọ sí Kettering lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ọmọ sáré jáde wá pàdé mi, "Tíṣà! Tíṣà!" mo sì dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí ìwé kan bá béèrè iṣẹ́ mi, èmi fúnra mi ni mò ń gba báírò, mo sì ń kọ ọ́ gbangba pé mo ti fẹ̀yìn tì.